Oríkì Ọmọ Àṣíáwù

Ní ọdún 1966, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri kóòtù ní Ìjerò. Ẹni tó bá mú Rasheed, ọmọ Àṣíáwù oníyọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, yóò gba àádọ́ta pọ́n-ùn. Ó ga, ó dúdú, èjí wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà ìjà òṣèlú, ó sọ iná sílé olóyè kan, olóyè náà sì wà nínú ilé. Ìwé náà kò ní àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé okùn ni yóò gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Gbádégẹṣin kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọdẹ ni, ará Àrà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti ń fi owó lé orí ènìyàn ló ti fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀. Ẹran ń sáré ju ènìyàn lọ, kò sì lówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Nínú oko kòkó kan ní Èrìjiyàn, ó rí ọkùnrin gíga, dúdú, eléjí. Ó dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kékeré kan lójú ọ̀nà.

"Ọlájídé ni mí, ọ̀gá," ni ọkùnrin náà ń wí. "Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá. Iṣẹ́ oko ni mo wá ṣe."

"Ta ló mọ̀ ọ́ níbí?" ni Kọ́púrà Ọlọ́runfẹ́mi bi í.

Olóko tó gbà á síṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn gbọ́ ọ̀rọ̀ iná, ó ní òun kò rí i rí. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n náà ní kékeré ni Rasheed ti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, àwọn kò lè dá a mọ̀. Wọ́n bá ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

"Yóò sẹ́ ẹ," ni Gbádégẹṣin wí. "Ìyá wo ni yóò fa ọmọ rẹ̀ fún okùn?" Inú ń bí i ṣáájú.

Àṣíáwù dé lọ́sàn-án gangan. Ó wo ọkùnrin náà títí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fún un lómi mu ná. Nígbà tó gbé igbá sí i lẹ́nu, ó bi í ní nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọkùnrin náà sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá a lóhùn. Àánú ṣe kọ́púrà, ó wo ibòmíràn.

Àṣíáwù dìde. "Ọmọ mi ni."

"Irọ́ ni!" ni ọkùnrin náà ké. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí!"

Kọ́púrà kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. "Màmá, ó ní Ọlájídé lòun."

"Ènìyàn lè pa orúkọ dà," ni Àṣíáwù wí. "Ẹ jẹ́ n fi oríkì pè é bí mo ṣe ń pè é ní ulé."

Ó jáde lọ dúró lẹ́yìn ògiri. Wọ́n dúró títí ọkùnrin náà fi gbórí lé orúnkún.

"Àlàó o!"

"Ìyá o!" Orí rẹ̀ ti wú kó tó rántí ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó tún jiyàn. Gbádégẹṣin tẹ ìka bọ ìwé owó rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ti ọkùnrin náà sínú ọkọ̀, ó ń ké pé, "Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín?" Àṣíáwù sunkún débi tí ìborí rẹ̀ fi tutù, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé Ẹ̀fọ̀n. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà kò kí i. Hannah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tutọ́ sílẹ̀, ó ní ìyá tó ta ọmọ rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni à ń bá jẹun. Ó dun Àṣíáwù wọra.

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bu iyán sí abọ́, ó gbójú sókè sí àjà, ó ní, "Rasheed, sọ̀kalẹ̀ wá jẹun, wọ́n ti mú ọ."