Ìbéèrè Tí Fàsílátù Kò Ráyè Dáhùn

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán porogodo, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá nílé. Ọjọ́ orí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí.

1.

Ní Mamobi, nílùú Accra, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fàsílátù. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe ọṣẹ, ọjà Lapaz ló ti ń tà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó ti ń jẹun ló ń di ẹrù, bó ti ń kírun tán ló ń pe oníbàárà. Bí ẹ bá kí i, "Mò ń bọ̀" ni yóò fi dá yín lóhùn, yóò sì ti kọjá lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Bàrákátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ náà gbọ́n, àmọ́ ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, ṣebí epo ló máa ń ba aṣọ jẹ́? Báwo ló ṣe wá ń di ọṣẹ tó ń fọṣọ?"

Ẹ gbọ́ èsì ìyá rẹ̀: "Ṣé torí kó o lè wá po ọṣẹ ni mo ṣe rán ẹ lọ sílé ìwé? Dọ́kítà ni wàá dà. Gbé ìwé ẹ!"

2.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ni pé Morónfólú, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti Fàsílátù ní Lapaz, mú èsì ìdánwò ọmọ tirẹ̀ wá sọ́jà. Ipò kìíní! Fàsílátù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú oríire o," àmọ́ inú rẹ̀ ń ta á bí ẹni jẹ ata. Ipò kẹsàn-án ni Bàrákátù ṣe.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò rímú mí mọ́. Bó bá ti ilé ìwé dé, ó di kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ní Sátidé, tíṣà á wá sílé. Ìyá rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ fò ampe, eré ìfòsókè àwọn ọmọbìnrin, lójúde mọ́.

Bàbá rẹ̀, Àrówólò, télọ̀ ni ní Adabraka. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kó àjákù aṣọ wálé. Òun àtọmọ jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ aṣọ sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ìṣirò tó ti ń pa ọmọ lẹ́kún láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ó yé e lójú ẹsẹ̀.

"Ei, Bàbá! Ìdajì inú ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni!"

Ibẹ̀ ni Fàsílátù wọlé bá wọn. Ó gbá gbogbo àjákù náà sínú garawa.

"Bàbá Bàrákátù, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di ọ̀dẹ̀ ni? Eré lẹ ń kọ́ ọ!"

"Ìyá Bàrákátù, fara balẹ̀. Eré yìí, ẹ̀kọ́ ni."

"Ọmọ Morónfólú ò fi eré gba ipò kìíní!"

Àrówólò mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ nílẹ̀, ó bọ́ síta. Ẹ̀bi tirẹ̀ náà nìyẹn: ó dákẹ́.

3.

Sátidé kan, tíṣà ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Àrówólò ti lọ síbi iṣẹ́. Fàsílátù fẹ́ po ọṣẹ. Ó ṣí agolo kọ́sítíìkì sóòdà, èyí tó máa ń jó ara bí iná, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike. Kò tíì pọn omi tí fóònù fi dún. Oníbàárà kan ń fẹ́ páálí ọṣẹ méjì ní kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ó gbé páálí lé orí. Bàrákátù sáré tẹ̀ lé e.

"Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín pò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń…"

"Bàrákátù! Má dá mi dúró, trótró á lọ! Lọ jókòó ti ìwé ẹ."

Kò sọ pé, "Má fọwọ́ kan agolo yẹn." Kò sì dé e.

Nínú trótró, bọ́ọ̀sì akérò náà, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó tú àpò wò, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó wo fóònù. Ó tún tú àpò. "Kí ni mo gbàgbé?" Kò rántí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ páálí kalẹ̀ níwájú oníbàárà ni aládùúgbò wọn, obìnrin Hausa kan, pè é: "Ìyá Bàrákátù, má wálé o. Ọsibítù ni kó o máa bọ̀."

4.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ náà fẹ́ ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọjú wò ó lójú fèrèsé. Ó da sóòdà sínú ike, ó wá bu omi lé e lórí. Gbogbo ọlọ́ṣẹ ló mọ̀ pé sóòdà là ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi lé sóòdà. Bàrákátù ò mọ̀. Ó hó ṣàà, ó sì ta sí i lójú. Omi ẹ̀rọ tí aládùúgbò yẹn ń bù sí i lójú láìdáwọ́dúró ló gba ojú òsì là. Ojú ọ̀tún ò ríran mọ́ dòní.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Àrówólò na ìwé kan sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ ike lòun ti rí i. Ọmọ ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀: iye ife epo, bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tutù, ọwọ́ tí wọ́n fi ń rò ó. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, àfi ìlà kan: èyí tó ní omi là ń dà lé sóòdà.

"Màámi, ẹ má bínú," Bàrákátù sọ lábẹ́ báńdéèjì. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá a nílẹ̀ ni, kẹ́ ẹ lè sinmi. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Fàsílátù la ẹnu. Ẹkún ló jáde.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó kó àjákù aṣọ jọ, ó pe ọmọ: "Bàrákátù, wá, jẹ́ ká jọ ṣe é. Bi mí ní ohunkóhun tó o bá fẹ́."

Ọmọ náà ò gbójú sókè. "Ẹ ṣeun, Màámi. Mò ń kàwé."

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo bẹ̀ yín, ọmọ tó ń bi yín léèrè kò dí yín lọ́wọ́. Ẹ fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kó wọn epo, kó ka ife, kó gé aṣọ lójú yín. Ohun tó léwu, ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ má fi ipò ọmọ ẹlòmíì na ọmọ tiyín. Ọmọ tí ẹ bá lé lónìí, bẹ́ ẹ bá pè é lọ́la, ó lè má dáhùn. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àmọ́ bí ẹni tó mọ̀nà bá kọ̀ tí kò fọhùn, inú igbó ni abèèrè ń já sí.