Bámigbóyè àti Àwọn Ará Inú Giramafóònù

Ọdún 1957 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, ní ìdíkọ̀ Kábà, lọ́jọ́ tí lọ́rì Lọ́kọ́ja kọ̀ tí kò dé. Ẹni tó sọ ọ́ jẹ nínú iyán ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo gbà á gbọ́. Ìtàn Bámigbóyè ọmọ Ìkòyí ti agbègbè Kábà ni, ọ̀kánjúwà tí kò mọ ìgbà tí ikùn kún, tó sì ń fi irọ́ wá oúnjẹ kún oúnjẹ.

Bámigbóyè ta gbogbo oko kòkó tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi ra ògbólógbòó giramafóònù kan lọ́wọ́ akọ̀wé kan ní Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ náà ní ìwo ńlá tó là gbàgà bí òdòdó elégédé, ó sì ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń yí kó tó lè kọrin. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń gbéyàwó láti Kábà títí dé Ponyan, Bámigbóyè ló ń háyà. Kò ní oko mọ́, kò sì kọ́ṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́, ebi dé nìyẹn.

Níbikíbi tó bá lọ, wọ́n ń bu oúnjẹ tó yẹ àlejò fún un, ṣùgbọ́n abọ́ kan kò tó o. Lọ́jọ́ kan ní Ponyan, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi irin náà sílẹ̀ láìyí. Ohùn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ó ń fà bí ohùn màlúù tí inú ń run. Àwọn obìnrin sáré dé.

"Kí ló ṣe é?"

Bámigbóyè mirí bí ẹni tí àánú ń ṣe. "Ebi ni. Àwọn èèyàn kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ẹ wá nǹkan fún wọn, ẹ̀yin ìyá wa. Wọ́n fẹ́ràn itan adìẹ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kí orin dá lọ́jọ́ ìyàwó. Wọ́n gbé abọ́ wá. Bámigbóyè fi aṣọ bo ara rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ó ní ojú ń ti wọn bí èèyàn bá ń wò wọ́n. Abẹ́ aṣọ náà ló ti jẹ ẹ́ tán. Ó nu ẹnu, ó jáde, ó yí irin, orin sì bú jáde. Bó ṣe di àṣà nìyẹn.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cecilia ń lọ́kọ ní Ayewa, Yéjídé, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin, ni olórí àwọn alásè. Kò sí ohun tó ń bí obìnrin náà nínú tó kí àlejò kúrò nílé wọn láìyó. Bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni Bámigbóyè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé.

"Okun o, ìyá," ó kí Yéjídé bí wọ́n ṣe ń kíni lágbègbè náà.

"Okun, ọmọ mi." Yéjídé ti gbọ́ ìròyìn àwọn ará inú ẹ̀rọ náà. "Mélòó ni wọ́n nínú ibẹ̀?"

"Wọ́n tó mẹ́jọ, ìyá. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n sì lè jẹun."

"Mẹ́jọ! Nínú àpótí yìí? Wọ́n mà há mọ́ra o."

Yéjídé gbé oúnjẹ èèyàn mẹ́jọ wá. Bámigbóyè wọ abẹ́ aṣọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, agbára káká ló fi yí irin náà. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan sí i, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ. Kò pẹ́ tí ohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ yẹn?" Yéjídé béèrè. Ó wo Bámigbóyè níbi tó ti ń hanrun, epo ń dán ní ẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. "Cecilia, wá wò ó! Ọkùnrin yìí ló jẹ tiwọn. Ó fi ebi pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká jí i."

"Ká jí i kó tún jẹ èyí tó kù? Èmi fúnra mi ni n ó bọ́ wọn."

Ó gé iyán wẹ́wẹ́, nítorí pé ọ̀fun ìwo náà tín-ín-rín. Ó tì í wọlé, ó sì da ọbẹ̀ ilá gbígbóná lé e lórí. Ẹ̀rọ náà ké gbúkú-gbúkú, ó dákẹ́.

"Ó ti há wọn lọ́fun," ni Yéjídé wí. Ó yọ irin náà, ó sì rọ ẹmu sínú ihò rẹ̀ kí wọ́n lè gbé e mì.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí Bámigbóyè. Ó fò dìde, ó kọ lu tábìlì, àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù já lulẹ̀, gbogbo wọn sì fọ́. Ó figbe ta, ó ní wọ́n ti ba ayé òun jẹ́. Ni Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí, àgbà ilé náà, bá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé èèyàn wà nínú ẹ̀rọ yìí, àbí kò sí?"

Bámigbóyè ronú. Bó bá ní kò sí, gbogbo adìẹ tó ti jẹ láti Kábà dé Ponyan yóò dìde sí i. Ó wo àwọn ọkọ ìyàwó, ìyẹn àwọn géńdé ẹbí ọkọ Cecilia, tí wọ́n ti ń ká apá aṣọ sókè.

"Wọ́n wà, bàbá," ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Bí wọ́n bá wà, arábìnrin mi ṣe wọ́n lálejò. Kí lò ń sunkún sí?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Yéjídé kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Rọra gbé wọn o, ọmọ mi," ó wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yó ni."

Bámigbóyè ru ẹ̀rọ náà lọ sílé, ọbẹ̀ ń kán sí i lọ́rùn, ajá mẹ́ta ń tẹ̀ lé e. Alágbẹ̀dẹ kan ní Kábà ṣí i, òórùn kan kọ lù ú, ó sì yára dé e padà. Láti ìgbà náà ni Bámigbóyè ti di alágbàṣe, tó ń kọ ebè fún àwọn tó ti ń fi iyán ṣe é lálejò tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí ohun tí wọ́n bá bù fún yín tó yín. Ẹni tó bá ń purọ́ kó lè jẹun, irọ́ náà yóò di ẹran ọ̀sìn fún un, yóò máa bọ́ ọ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá sì bá a bọ́ ọ, kò ní lẹ́nu láti fi pariwo.

Ohun tó ṣòfò ní Ayewa lọ́jọ́ náà ni giramafóònù kan, rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án, ìkòkò ọbẹ̀ ilá kan, àti ààbọ̀ akèrègbè ẹmu.