Ẹni Tó Ni Orin

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni Gbajúmọ̀ já wọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ káfíńtà, ó sì ti ilẹ̀kùn láti inú. Kò kí i, kì í ṣe ìkíni ló bá wá. Ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ń ta orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ ló nà sí i. Àbúrò rẹ̀ ti fẹjọ́ sùn níbẹ̀ pé òun lòun ni orin tó sọ ẹ̀gbọ́n òun di olókìkí, wọn ò sì ní san nǹkan kan fẹ́nì kankan títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ín.

Ọdún mẹ́fà ni orin kan ṣoṣo yẹn ti ń bọ́ Gbajúmọ̀. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ẹ̀tọ́. Lóde eré, wọ́n á tan orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, á di máíkì mú, á máa jó, èrò á máa hó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè.

"Ṣé o fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ní kí wọ́n kọ orúkọ tèmi náà sí i ni. Ẹ wo ilé tí mò ń gbé."

"Kí ló kan ìwọ káfíńtà nínú ọ̀rọ̀ orin?"

Gbajúmọ̀ mú òòlù lórí tábìlì, ó fi lù ú léjìká. Eegun kán. Àbúrò ṣubú sínú eruku pákó. Ẹ̀gbọ́n fi bàtà tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọ́ ìka méjì níbẹ̀. Ó dá ọwọ́ ọ̀tún sí kó lè rí i fi tẹ fóònù.

"Kọ ọ́ sí wọn pé irọ́ lo pa."

Àbúrò tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sójú fóònù. Ó yẹ kó tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí Gbajúmọ̀ gidigidi.

"Ẹnu yìí gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu."

Ó fi òòlù lù ú lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Àgbọ̀n fọ́, eyín tú ká sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí fóònù Gbajúmọ̀ fi dún. Obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ orin ni, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ kú oríire, sà. Àbúrò yín ti jáwọ́. Ó ku nǹkan kékeré kan. Ẹ̀rọ tó ń sín ohùn èèyàn jẹ ti pọ̀ jù nìta, ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí olórin fi ẹnu kọ ìlà kan péré nínú orin rẹ̀ fún wa lórí fóònù, láìsí ìlù. A ó fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Mò ń gbọ́ yín, sà."

Gbajúmọ̀ fọwọ́ bo fóònù, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan, ó sì sọ ọ́ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, ọmọ ìyá mi, kọ ọ́ fún wọn bí o ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tá a gbà á sílẹ̀."