Àwọn Ọmọ Olùkọ́ Kuroiwa

Kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Kanazawa ni Kikue ti mọ̀ pé kò síbi tí òun lè gbà sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Àwọn márùn-ún ni: òun, Nobue, Masue, Toyo àti Hisano. Gbogbo wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, inú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé kan náà ni wọ́n sì ti jọ ṣe ọmọge. Nobue, ẹ̀gbọ́n wọn tó fi kíláàsì kan ṣáájú, ló kó wọn jọ. Ó ní kí wọ́n tún lọ sí gbogbo ìlú tí wọ́n ti kọrin láyé ọjọ́un, Kanazawa, Kyoto, Matsue, kí wọ́n wá parí rẹ̀ sí Hagi, nílé Olùkọ́ Kuroiwa tó kọ́ wọn lórin. Olùkọ́ ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyàwó wọn sọ lórí fóònù pé ohun kan ṣoṣo ni Olùkọ́ ń béèrè: kí wọ́n tún gbọ́ Orin Odò, èyí tí ẹgbẹ́ náà fi gba ife-ẹ̀yẹ.

Kikue kò kọ Orin Odò rí.

Nígbà tí ìdíje ku díẹ̀, Olùkọ́ pè é sí kọ̀rọ̀ nídìí àpótí tí wọ́n ń kó bàtà sí ní ilé-ìwé. "Kikue, ojú rẹ dára lórí ìtàgé. Tó bá dọjọ́ náà, la ẹnu rẹ bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ohùn jáde. Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Kikue tẹrí ba. Ó la ẹnu, wọ́n gba ife. Ọkọ rẹ̀ kú, kò mọ̀. Títí dòní, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi fọ́tò ọjọ́ náà han àlejò.

Nígbà náà, wọ́n kún orí ìtàgé, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ Tsuya, tí ohùn rẹ̀ máa ń gòkè ju ti gbogbo wọn lọ, kú nígbà òtútù. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Àwọn kan ò dáhùn ìpè Nobue, ó wá ku àwọn márùn-ún.

Ẹni tó kó Kikue yọ ni Ayaka, ọmọbìnrin tó ń mú wọn káàkiri nínú bọ́ọ̀sì. Ohùn ọmọ náà já gaara, makirofóònù ò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, àgbàlagbà ti gbàgbé ọ̀rọ̀ orin," ni Nobue wí létí odò ní Kanazawa. "Máa bá wa lé e."

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ lorin?"

"Lé e ná! Kí o sì yí nǹkan yẹn sókè," ni Masue wí.

Ayaka yí i sókè, ó kọrin. Kikue la ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó dúró létí odò pàtẹ́wọ́.

"Kikue! Ohùn rẹ ò mà yí padà!" ni Toyo wí. Súìtì ọ̀fun wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wà.

"Tìẹ náà ńkọ́?"

Lójú ọ̀nà Kyoto, Ayaka ní kí kálukú dá orin kan kọ. Nobue ní ọwọ́ lòun ń jù láti darí orin, òun kì í kọ. Toyo fi súìtì rẹ̀ hàn. Hisano fọwọ́ kan ìbòmú rẹ̀, ó ní ikọ́ ò tíì fi òun sílẹ̀.

"Ikọ́ wo? Ìwọ tó jẹ abọ́ ìrẹsì méjì láàárọ̀!" ni Masue wí.

"Ọ̀nà ìrẹsì yàtọ̀ sí ọ̀nà orin. Ìwọ náà gbà á, kọ ọ́ ká gbọ́!"

Masue ju makirofóònù sí Kikue lọ́wọ́ bí ẹni pé ó gbóná. Kikue dá a padà fún Ayaka.

"Àwọn ìyá mi yìí, ẹ mà nítìjú o!"

Kikue ń wò wọ́n, ó ń jowú. Wọ́n mọ orin tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ṣe fújà.

Ní Matsue, ó ní inú ń run òun, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Kó tó pa ẹnu dé, Toyo ti gbé oògùn jáde. Masue di apá rẹ̀ mú gírígírí títí dé ẹnu bọ́ọ̀sì.

"O ò ní fi wá sílẹ̀," ni Masue wí. "Bí ọ̀kan bá tún dín nínú wa, kí ló kù?"

Nígbà tí wọ́n dé Hagi, Nobue fa Ayaka lọ́wọ́ wọ àgbàlá. Ìyàwó Olùkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, má bínú, dúró síta. Olùkọ́ ní àwọn ọmọ òun nìkan."

"Ohùn rẹ̀ dùn, mà," ni Nobue wí. "Ó kàn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni."

"Àwọn ọmọ òun nìkan."

Toyo gbé súìtì rẹ̀ mì.

Yàrá náà kéré. Wọ́n to ara wọn mọ́ ògiri, Kikue wà láàárín, èjìká Toyo ní ọ̀tún, ti Hisano ní òsì. Ìyàwó Olùkọ́ gbé kẹ́tùlù ka iná, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé Olùkọ́ jókòó.

"Ojú mi ti lọ," ni Olùkọ́ wí. "Etí ló kù. Ta ló wá?"

"Nobue ni, Olùkọ́."

"Masue."

"Toyo."

"Hisano."

"Kikue, sà."

Olùkọ́ yí etí sí ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ̀yin nìkan?"

"Àwa nìkan, Olùkọ́."

"Ó dáa," ni Olùkọ́ wí, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè.

Kikue sọ fún ara rẹ̀ pé ohùn mẹ́rin tó láti gbé orin kan.

Ọwọ́ Olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹnu márààrùn-ún là gbàgà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan ṣoṣo tó sì dún nínú yàrá náà ni kẹ́tùlù tó ń hó lórí iná.