Etí Tí Kò Ní Àmì

Ìyá Oníwàrà ni wọ́n ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ìjọba kó gbogbo màlúù mọ́kànlá tó ní lọ pa, bẹ́ẹ̀ ìkankan nínú wọn kò ṣàìsàn.

Lójú tirẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi kò jìnnà. Dókítà ẹran tó gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọ màlúù, ni. Kòkòrò àrùn tí ń ba oyún màlúù jẹ́ ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà, láàyè, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ó ń dáàbò bo ẹran, ṣùgbọ́n ó lè fi ipa sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí àyẹ̀wò yóò fi pe ẹran tó gba abẹ́rẹ́ ní ẹran alárùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin eléyín tẹ àmì aláwọ̀ ewé sétí ọmọ màlúù lọ́jọ́ tó bá gbà á. Etí àwọn tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Àyẹ̀wò mú mẹ́ta; òfin ní kí wọ́n pa gbogbo agbo.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fún un ní màlúù kan kó fi tún bẹ̀rẹ̀, kò rí ẹni ra wàrà.

“Ẹ gbé e kọjá o, Ìyá Oníwàrà,” ni oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ wí. “Ikùn tèmi kì í ṣe ilé àyẹ̀wò.”

Ó kọrí sí ọ́fíìsì dókítà ẹran.

“Ṣé o fi àmì sí wọn létí?”

“N kò fi sí i, mà.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀, kí ayé rí i pé wàrà mi kò lárùn.”

Dókítà fa ìwé. Akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó sí tábìlì kejì gbójú sókè.

“Ọ̀rẹ́, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ o. Ṣé orí rẹ pé?”

“Bá mi na tàdáwà yẹn.”

Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ìyá Oníwàrà ká ìwé náà sínú ìgbànú, àmọ́ kò dìde.

“Ọkọ mi ló dúró tì ọ́ lọ́jọ́ náà,” ni ó wí. “Ọjọ́ kẹrin tí a sin ọmọ wa ni, èmi wà nínú yàrá. Ó gbójú lé ọ títí tó fi kú. Irin wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀lẹ ló ṣe ọ́ ni, àbí o fojú tín-ín-rín wa? Màlúù mọ́kànlá! Sọ ìdí rẹ̀ fún mi.”

Dókítà ń dé ìdérí tàdáwà, ó ń ṣí i, ó tún ń dé e.

“Mo ní kí o sọ ọ́!”

Dókítà ti ìgò tàdáwà náà padà sọ́dọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà, dókítà ti gbá etí ọmọ màlúù àkọ́kọ́ mú, ó ti ya ẹnu irin, kí ọkọ obìnrin náà tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, tó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: “Dókítà, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ké, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn ni.”