Chevelle Aláwọ̀ Búlúù ní Plainfield

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé kò tíì lù nígbà tí Adédayọ̀ dé Plainfield, ìlú kan nítòsí Chicago. Ìpolówó tó rí lórí fóònù kò dárúkọ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Àdírẹ́sì ló wà níbẹ̀, àwòrán Chevelle aláwọ̀ búlúù ti ọdún 1970, àti gbólóhùn kan: ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín.

Bàbá Adédayọ̀ ní irú rẹ̀ rí. Ó tà á lọ́dún tí Adédayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Lọ́la ni bàbá náà máa pé àádọ́rin ọdún, ọdún kejì sì rèé tí ọmọ rẹ̀ ti ń wá ọkọ̀ yẹn kiri.

Gáréèjì ṣí sílẹ̀. Bàbá kan jókòó sí ìdí sítíárìn, ó dé fìlà, ó wọ kóòtù òtútù. Bí Adédayọ̀ ṣe rí fìlà náà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ìka rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Háà, ọmọ Yorùbá! Dìde, ilẹ̀ tutù. Alhaji Sàláhúdéènì ni mí."

"Adédayọ̀ ni mí, sà. Ọkọ̀ yìí ni mo bá wá."

"Ta ni kò ní bá a wá?"

Alhaji ní kó wọnú ọkọ̀ wá jókòó. Ó ní Chevelle ni ọkọ̀ tí òun kọ́kọ́ rà ní Chicago, lọ́dún 1979, owó abọ́ fífọ̀ ni òun fi rà á.

"Pupa fòò ni. Tí mo bá tẹná mọ́ ọn báyìí, fèrèsé àwọn aládùúgbò á máa gbọ̀n."

Adédayọ̀ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì búlúù tó wà níwájú wọn. Ó gbà pé wọ́n ti tún un kùn.

Alhaji ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun gbé Muminat gba Lake Shore Drive lọ́jọ́ kan, kó tó di ìyàwó òun, afẹ́fẹ́ gbé gèlè rẹ̀ jù sínú adágún, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Indiana. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń sún àga sẹ́yìn. Ó pẹ́ kó tó rí i.

"Bàbá, lórí ọ̀rọ̀ owó..."

"Sùúrù, jàre! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà nílé yín?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi í ṣe?"

Adédayọ̀ sọ fún un nípa bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí ọ̀la.

"Ọmọ gidi ni ẹ́," ó ní. "Ṣé mo ti sọ ti ìgbà tí bíréèkì já fún ẹ?"

Ìtàn bíréèkì gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bọ́ sílẹ̀, Alhaji tẹ̀ ba, ó ní kí Adédayọ̀ fi fóònù tan iná sábẹ́ ọkọ̀ fún òun.

"Ẹ́ńjìnnì ò jò rárá," Alhaji ní.

"Ẹ ṣeun, sà," Adédayọ̀ ní.

Ilẹ̀kùn ilé ṣí, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Marvin jáde, ó ní kí Alhaji má bínú pé ìwé ọkọ̀ pẹ́ lọ́wọ́ òun, ó kó ìwé àti kọ́kọ́rọ́ fún un, ó kí i kú oríire ọjà tó rà, ó wá béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ tó máa bá a wa Camry rẹ̀ tẹ̀lé e délé nìyí, Alhaji sì ní bẹ́ẹ̀ ni.