Télọ̀ Tó Bá Igi Ọsàn Dín Aṣọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ wà lọ́wọ́ yín.

1.

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Rẹ́gí. Bó bá rán aṣọ fún ọ, yóò bá ọ mu rẹ́gí débi pé bí o bá jẹun yó, o ó máa gbàdúrà kí bọ́tìnnì má fò. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bó bá rí ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi yà sí kọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, igi ló fẹ́ràn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ò ní ibòji, oòrùn ibẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ wọn lè ṣeré. Ìyá gbin kóró ọsàn sínú agolo mílíìkì, ó tọ́ wọn lójú fèrèsé ilé ìdáná bí ẹni ń tọ́ ìkókó, títí mẹ́fà fi tó kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nítorí ewúrẹ́, ó fi páìpù ike rírọ̀ tó fẹ̀ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó ga dé àyà èèyàn, tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ó sì so wọ́n mọ́ èèkàn.

Ni ọmọbìnrin wọn bá bímọ. Ìyá ní láti lọ bá a tọ́jú ọmọ.

"Bàbá, ẹ ṣáà máa bomi rin wọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Rárá o. Bó bá jẹ́ pé ọmọdé ni yín, ẹ̀rù ò ní bà mí tó báyìí."

2.

Kò pẹ́ tí páìpù wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá Rẹ́gí lẹ́nu. Igi tín-ín-rín bí ìka ọmọdé, nínú nǹkan tó fẹ̀ tó itan àgbàlagbà.

"Ta ló gé irú aṣọ yìí fún yín?" ó bi àwọn igi náà. "Ẹ dà bí ọmọ tó jí ẹ̀wù bàbá ẹ̀ wọ̀."

Ó gbé téèpù jáde, ó wọn ìbàdí wọn. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán báàgì, ó dín páìpù kù títí ó fi lẹ̀ mọ́ igi lára. Gígùn rẹ̀ náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gé e kúrú kí ewé lè yọ jáde bíi kọ́là. Ó kù kó kan ẹ̀kẹfà, èyí tó wà lẹ́yìn táǹkì omi, ni òwú bá tán. Ó ní yóò di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ò dé mọ́.

Obìnrin aládùúgbò wọn tó ni ewúrẹ́ yọrí lókè ògiri.

"Bàbá Rẹ́gí, ẹ kú iṣẹ́ o. Fìlà wọn ńkọ́?"

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣó o rí bó ṣe bá wọn lára mu?"

"Mo rí i. Ewúrẹ́ mi náà ti rí i."

3.

Ewúrẹ́ jẹ gbogbo ewé tó yọrí, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ ka tábìlì fún. Ewé tó kù nínú ò rí àyè nara. Wọ́n fún mọ́ra, wọ́n pọ́n, wọ́n sì ń rà.

Bàbá Rẹ́gí rí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kò tíì tú ojú rírán tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán rí. Omi ló ń dà sí i.

Ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù. "Igi mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú aṣọ wọn."

4.

Ìyá dé. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Igi gbígbẹ márùn-ún ló bá níbẹ̀, gbogbo wọn múra dáadáa. Ó yà lọ sẹ́yìn táǹkì. Ẹ̀kẹfà ti yọ lẹ́nu páìpù rẹ̀ tó fẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ọrùn ewúrẹ́ ò tó o.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ bá ọkọ rẹ̀, ó mú aṣọ iléèwé kan lórí tábìlì, ó yí etí aṣọ náà síta.

"Ta ló ni èyí?"

"Ọmọ wẹ́dà tó ń jó irin lójú títì."

"Kí lẹ ṣẹ́ sínú níbí?"

"Àlékún aṣọ ni. Tọmọdé nìkan ni mo máa ń fi í sí. Àwọn ìyá wọn ò ní gbà fún mi bí mi ò bá fi sílẹ̀."

"Kí ló dé tí wọn ò ní gbà?"

"Torí pé ọmọ á..."

"Ẹ parí ẹ̀, Bàbá."

"Torí pé ọmọ á dàgbà."

Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó bú sẹ́kún. Bàbá Rẹ́gí mú bíléèdì, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó kúnlẹ̀, ó sì ń tú ojú rírán náà níkọ̀ọ̀kan, fún igi tí kò lè wọṣọ mọ́.

Agolo mílíìkì ti padà sójú fèrèsé báyìí. Bẹ́ ẹ bá sì gbé aṣọ lọ fún Bàbá Rẹ́gí, ẹ mú bẹ́líìtì dání. Ṣòkòtò tó rán fún wẹ́dà jábọ́ lójú títì lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Ààbò dára, ewúrẹ́ pọ̀ níta. Ẹ bo igi yín, ẹ bo ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ohun tí ẹ fi bò wọ́n. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti ń fún un, ẹ má tijú, ẹ tètè tú u, kódà bó jẹ́ ọwọ́ yín ló rán an. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá kan tó ṣì ń dìde lọ wo ọmọ tó ti sùn.